Ìtàn Kétu kì í ṣe àlọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa bí àwọn ìlú ńlá ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì nítorí ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó dùn mí wọra. Nígbà tí òǹkọ̀wé yín ń sọ ti Róòmù, ó ní ọdún 753 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, kò sì fi "wọ́n ní" kankan sí i. Nígbà tí ó kan Kétu wa, ìlú Yorùbá ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó ní àwọn ará ibẹ̀ a máa pa á lálọ̀ọ́ pé Ifẹ̀ ni àwọn ti wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi tí mo fi ọdún 32 kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn níhìn-ín, n kò lè dákẹ́ sí i.

Ta ló ka ọdún 753 yẹn? Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Varro, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù tí a bí ní ọdún 116 ṣáájú ìbí Jésù, ni wọ́n ka ìṣirò náà sí lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ìlú ọ̀hún ti lé ní 600 ọdún kí wọ́n tó bí i. Ohun tí ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ìtàn tí baba ń sọ fún ọmọ lọ: ìtàn ìbejì méjì, Romulus àti Remus, tí wọ́n gbé sọ sódò, tí abo ìkookò fún lọ́mú, títí di ọjọ́ tí Remus fo odi tí Romulus ń mọ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí Romulus sì pa á. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ òkè Palatine ní Róòmù, wọ́n bá ojú ihò òpó ahéré tó ti wà láti nǹkan bí ìgbà tí ìtàn náà ń sọ. Ìyẹn kò sọ ọ̀rọ̀ abo ìkookò di òótọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ni àwọn apìtàn wọn ti mú ìlú náà jáde. Ohun tí mo ń tọrọ fún Kétu náà nìyẹn: kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó sọ pé àlọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ṣọ́ípàṣán ló kó àwọn baba wa kúrò ní Ifẹ̀. Wọ́n dó sí Òkè-Ọyán, àwọn kan tún ti ibẹ̀ lọ dó sí Aro, ọba sì jẹ tẹ̀léra níbẹ̀ títí ó fi kan ọba tí ń jẹ́ Ẹdẹ. Ẹdẹ yìí ló kó 120 ìdílé dìde wá síbi tí Kétu wà lónìí, tí ọdẹ tí ń jẹ́ Alálùmọ̀ ṣáájú wọn, nítorí òun ló ti mọ igbó náà. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò ní iná. Ọ̀dọ̀ obìnrin àgbà kan tí wọ́n bá nítòsí ni wọ́n ti lọ tọrọ rẹ̀, ó sì fún wọn.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ni mo máa ń dúró lé lórí jù nínú kíláàsì. Ẹni tó ń hun irọ́ láti fi gbé ìlú rẹ̀ ga kò ní sọ pé àwọn baba òun bá ẹlòmíràn lórí ilẹ̀, kò sì ní sọ pé wọ́n na ọwọ́ tọrọ iná lọ́wọ́ arúgbó. Àwọn ará Róòmù náà ní iná ìlú tiwọn, tí àwọn wúńdíá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Vesta, òrìṣà iná wọn, ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru kí ó má baà kú, kò sì sí ìwé ìtàn kan tó fi ojú kékeré wò ó. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ abuké tí wọ́n ní wọ́n pa, tí wọ́n sin sí ẹnu ibodè, tí wọ́n sì wí pé, "Ké tú iké? Ké fọ́ ìlú?" Ta ni yóò na iké, ta ni yóò fọ́ ìlú? Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Kétu ti jáde. Ìtàn náà korò, àwọn àgbà wa kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fi í pamọ́.

Òǹkọ̀wé yín lè sọ pé ẹnu lásán ni. Ní Kétu, ẹnu kì í ṣe lásán. A ní Baba Ẹlẹ́gùn, oyè tó wà fún ìtàn nìkan. Ní ọjọ́ tí a bá ń fi Alákétu tuntun jẹ, òun ni yóò ka gbogbo ìtàn ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kà á dé òpin, a ó ta á lọ́rẹ. Bí ó bá kọsẹ̀, ìgbàgbọ́ wa ni pé àwọn òrìṣà yóò fi ìyà jẹ ẹ́. Mélòó nínú àwọn òǹkọ̀wé ni ó ń kọ̀wé lábẹ́ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú-ìlú wọn. Ìlú dahoro títí di ọdún 1894 tí àwọn tó kù padà wá tún un tẹ̀ dó. Ilé jóná, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọba kò jóná. Àní ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ṣì ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu títí di òní.

Ẹni tí kò bá sì gba ẹnu gbọ́ àfi ilẹ̀, kí ó jẹ́ kí a gbẹ́ ilẹ̀. Ní Djenné-Djeno, ìlú àtijọ́ kan tó ti di òkìtì ní Málì, ohun tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé òwò àwọn Lárúbáwá láti òdì kejì aṣálẹ̀ ló mú ìlú ńlá wá sí agbègbè náà. Ní ọdún 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òkìtì náà, wọ́n sì rí i pé ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù, tipẹ́tipẹ́ kí òwò náà tó dé. Yàrà àti odi Kétu ṣì wà nílẹ̀ láti gbẹ́, ṣùgbọ́n kò ní wà títí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì gé ara odi láti fi pọ bíríkì, àgbàdo sì ti hù dé ìsàlẹ̀ yàrà. N kò lè bá wọn wí púpọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé ohun kan wà níbẹ̀ tó tó ṣọ́.

Nítorí náà, mo bẹ yín, ẹ rán akọ̀ròyìn yín wá, kí ó má fi orí tábìlì kọ nípa wa mọ́. Èmi fúnra mi yóò mú un wọ Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú wa, ní òwúrọ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe mú mi wọ ibẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, tó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ lé pákó ilẹ̀kùn náà kí n tó kọjá. Láti ibẹ̀, a ó jọ rìn yí etí yàrà ká, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti gé odi dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.