Òdòdó aṣálẹ̀ yẹn kì í ṣe jogbo

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwòrán òdòdó aṣálẹ̀ Mojave ní Amẹ́ríkà tí ẹ tẹ̀ jáde, tí ẹ kọ jogbo sí abẹ́ rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ lójú èmi tí mo fi iṣẹ́ tíṣà báọ́lọ́jì fẹ̀yìn tì. Jogbo tó kún ẹ̀bá ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ ní ojú róbótó láàárín, ewé òdòdó ló yí i ká. Ẹ wá wo tiyín dáadáa: kò lójú rárá. Ewé òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún un dé àárín, ṣóńṣó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní eyín wẹ́wẹ́ márùn-ún. Bí ẹ̀fọ́ yánrin ṣe ń tanná gan-an nìyẹn! Tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ, oje funfun ni yóò sun, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ́wọ́ lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà.

Àmì pupa àárín rẹ̀ àti ewé rẹ̀ tó ya tín-ín-rín ló tú u fó: Malacothrix glabrata ni àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè é. Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà ló ń tanná, bí òjò ìgbà òtútù wọn bá rọ̀ dáadáa.

Ẹbí kan náà ni òun, jogbo àti ewúro, àmọ́ yánrin ló sún mọ́ ọn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un kọ.

Tíṣà àná,
Iléṣà.