Àgbọn Wa Ń Kú Tán Lọ: Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ San Owó Tí Ẹ Ṣèlérí

Sí gbogbo ọmọ ìlú wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé létí ọ̀sà níbí àti ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ sí ìlú òyìnbó: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìnáwó ọdún, ẹ kú owó ilé ìwé àwọn ọmọ. A mọ̀ pé owó ò sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn igi yìí ò mọ̀.

A ò ní tún ìtàn iṣẹ́ yìí rò. Gbogbo wa la jọ wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa nígbà tí Bàbá Alága sọ pé kò sí ẹni tó máa gbin igi kankan mọ́ títí a ó fi mọ ohun tó ń pa èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá wa súre, èèyàn 61 sì nawọ́ sókè pé àwọn máa dáwó àyẹ̀wò ilẹ̀, omi àti igi náà. Èmi akọ̀wé ni mo kọ orúkọ wọn, ìwé náà sì wà lọ́wọ́ mi. Lónìí tí mo ń kọ èyí, èèyàn 16 ló ti san. Nínú àwọn 16 náà, ìyá ẹlẹ́ja yíyan mẹ́ta wà níbẹ̀. N ò sọ̀rọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ dúró sí nìyí. Àwọn onímọ̀ tí a pè wá láti yunifásítì ti wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rìn yíká, wọ́n sì bi wá pé igi wo ló kọ́kọ́ kú. Ìyá àgbà kan ló dá wọn lóhùn kí àwa ìgbìmọ̀ tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá ní máńgòrò etí omi ló ṣíwájú, ìbẹ́pẹ tẹ̀ lé e, àgbọn ló gbẹ̀yìn. Wọ́n ní ohun tí ìyá sọ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Máńgòrò kì í lè fara da iyọ̀, àgbọn máa ń gbìyànjú jù ú lọ. Wọ́n fi etí ewé hàn wá bó ṣe gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Wọ́n bi àwọn obìnrin nípa omi kànga, àwọn obìnrin sì ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọṣẹ kì í ho nínú rẹ̀ mọ́. A ti ń sọ ọ́ láàrin ara wa, à ń bú oníṣọ́ọ̀bù pé ọṣẹ ayédèrú ló ń tà.

Tó bá jẹ́ iyọ̀ nìkan ni, ìwé yìí ì bá má gùn tó báyìí. Ẹ rìn dé ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí. Máńgòrò kan wà níbẹ̀ tó ń so wọ̀ǹtì-wọnti, àgbọn mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti kú. Iyọ̀ wo ló máa fo máńgòrò kọjá lọ bá àgbọn? Àwọn mẹ́rin yẹn, èso wọn ló kọ́kọ́ ń já bọ́ láìgbó, òdòdó wọn dúdú, imọ̀ wọn pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mọ̀rìwò wọn rà, orí wọn sì ṣubú. Ohun tó kù dúró ṣánṣán bí òpó iná. Àrùn kan wà tó máa ń ṣe àgbọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ irú rẹ̀ ní Awka ní ilẹ̀ Ìgbò láti 1917, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n ní Gánà láti 1932, níbi tí ó ti sọ oko àgbọn etíkun di pápá. Igi tó bá ti mú, gígé ló kù. Kí a tó lè sọ pé òun ni tàbí òun kọ́, àwọn onímọ̀ ní láti lu ihò sí ara igi, kí wọ́n kó ìyẹ̀fun igi tó bá jáde lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ojú lásán ò lè dá a mọ̀ tán.

Ti igi fúrúùtù iwájú ọjà tún yàtọ̀. Gbòǹgbò tó ń fún igi lóúnjẹ, òkè ilẹ̀ ló pọ̀ sí jù. Ẹ da iyanrìn ẹsẹ̀ mẹ́ta lé e lórí, ẹ ti sé e léèémí nìyẹn. Bí wọ́n bá sì wa iyanrìn náà láti inú ọ̀sà, tiyọ̀tiyọ̀ ló ń bọ̀. Kò sí ẹni tó máa bá onílé jà pé ó ra iyanrìn típà kí omi má baà wọ pálọ̀ rẹ̀. A kàn ń sọ ọ́ ni, torí pé àwọn kan lára wa tó ń pariwo jù pé igi ń kú, ẹnu ọ̀nà wọn ni típà ti ń já ẹrù.

Èyí tó tì wá lójú jù ni ti kòkòrò dúdú oníwo. Òun máa ń gbẹ́ ihò wọ inú orí àgbọn, imọ̀ tó bá yọ lẹ́yìn náà á rí bí ohun tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Níbo ló ń yé ẹyin sí? Inú ìtì igi tó ti jẹrà. Ìtì àgbọn tó wó, tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́, tí a sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa kó, ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún méjì. Àwa la fi ilé fún olè.

Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. A ò bá yín jiyàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò ná.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó àtijọ́ tí a fi gbin igi, torí a gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lórí WhatsApp, àní èyí tí ẹ ń pa rẹ́. Ọ̀dọ́ àgbọn 120 la rà láti Àgbádárìgì, a gbìn wọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Keje tí ìjọba Èkó fi ń gbin igi, gbogbo yín ya fọ́tò. Mẹ́sàn-án ló kù. Igi ló kú o, ẹnikẹ́ni ò jẹ owó. Owó ọkọ̀ 35,000 tí ẹ ń bi wá, ọkọ̀ méjì ni, ọ̀kan sì kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Mile 2, a sun ibẹ̀ mọ́jú pẹ̀lú àgbọn. Rìsíìtì wà. Ti ọmọ tó ń bomi rin wọ́n, òun ò fún wa ní rìsíìtì, ẹ bi í, ó ṣì wà ládùúgbò. Àṣìṣe tiwa ni pé a gbìn kí a tó wádìí, a sì ti tọrọ àforíjì lórí rẹ̀ nígbà méjì. Ẹ má jẹ́ ká tọrọ ẹ̀kẹta.

Àwọn ará òdìkejì kánààlì kò pọ̀ tó wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fi dá owó tiwọn pé. Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ti mọ̀ pé kòkòrò oníwo ni tiwọn, wọ́n ti kó gbogbo ìtì igi jíjẹrà kúrò, àgbọn wọn sì ti ń yọ imọ̀ tuntun. Àwọn ọmọ wọn tó ń wa Márúwá ló kọ́kọ́ san. Níbi ìsìnkú tí a jọ lọ lóṣù tó kọjá, wọ́n kí wa ní "ẹ̀yin ará ìlú olópòó". Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, nítorí kí la ó ṣe? Níbi ìsìnkú yẹn kan náà, mo ka ọmọ ẹgbẹ́ wa 22 tó wọ léèsì aṣọ ẹbí. Mo mọ iye tí wọ́n ta á. Méje lára wọn wà nínú ìwé mi pẹ̀lú òdo níwájú orúkọ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kí wọ́n tó parí afárá Third Mainland ní 1990, orí àgbọn wa ni àwọn apẹja fi ń mọ ọ̀nà ilé bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Àwọn bàbá wa ò ní òpó iná, wọ́n ò ní jẹ́tì, àgbọn yẹn ni àmì wọn. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ lórí afárá yẹn lónìí, tí ó wo apá ibi tiwa, kí ló fẹ́ nawọ́ sí fún ọmọ rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ń béèrè fídíò etí ọ̀sà nígbà gbogbo, ohun tí ẹ fẹ́ rí nínú fídíò náà ló ń lọ yìí.

Ohun tó mú wa kánjú ni pé ọ̀sà kì í níyọ̀ bákan náà láti oṣù dé oṣù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò Ògùn tó ń ṣàn wá máa ń dín kù, omi òkun á sì wọlé. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi dídùn á lé iyọ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni àwọn onímọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu ilẹ̀ àti omi kànga, kí wọ́n tún bu ú lẹ́ẹ̀kejì nígbà òjò láti fi wéra. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá wa lẹ́nu àròyé, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ta ló mọ iye igi tó máa kù nígbà náà?

Owó rẹ̀: 10,000 nàírà fún ọmọ ẹgbẹ́, 5,000 fún opó àti akẹ́kọ̀ọ́, 50,000 ó kéré tán fún ẹ̀yin tókè òkun. Àkáǹtì ẹgbẹ́ kò yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn káàdì yín. Ẹ kọ orúkọ yín àti "igi" sí i. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́, àní èmi akọ̀wé. Ìparí oṣù Kejì la ó ti ìdáwó yìí.

Ẹ̀yin 45 tó kù, a ò ní ka orúkọ yín ní ìpàdé. Bàbá Alága ní ká kà á, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé nǹkan le, mo mọ ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú yín, mo mọ ẹni tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ní ọsibítù. Irú wọn kó wá bá mi jẹ́jẹ́, kí a jọ sọ iye tó lè san. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò kàn bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ó kàn ń dúró kí ẹlòmíràn san ni, ó mọ ara rẹ̀.

Akápò máa ń wà nílé lọ́jọ́ Àìkú láti aago mẹ́rin. Ìwé owó ọdún mẹ́ta wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó wá, ṣùgbọ́n kó mú ẹ̀rí pé òun ti san tirẹ̀ dání.

Akọ̀wé, fún ìgbìmọ̀.