Lẹ́tà sáwọn òbí: èsì tàámù kejì, àti ọ̀rọ̀ ìrìn ojú irin yẹn

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè wọn.

Èsì ti jáde, ẹ wá gba buletẹ́ẹ̀nì, ìwé èsì àwọn ọmọ, lọ́jọ́ Ẹtì láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Àwọn CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbìyànjú, ìṣirò ló ṣì ń dà wọ́n láàmú. Ẹni tó bá ṣì jẹ owó iléèwé, ẹ jọ̀ọ́, kò sówó kò sí buletẹ́ẹ̀nì.

Ó yá, ó kan ìrìn ẹsẹ̀ tá a kó àwọn ọmọ lọ rìn lójú irin rélùwéè, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sọ lórí WhatsApp tẹ́ ẹ rò pé mi ò rí. Wọ́n ní èmi Dìrẹ́tọ̀ yín kó ọmọ olọ́mọ lọ sójú irin kí ọkọ̀ lè tẹ̀ wọ́n pa. Ọkọ̀ wo? Ọ̀nà rélùwéè Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Sakẹ́tẹ́ sí Pọbẹ̀ yẹn, ìgbà wo lẹ gbọ́ fèrè ọkọ̀ níbẹ̀ kẹ́yìn? Koríko ló bò ó, ibòmíì ọlọ́jà ti tẹ́ ìsọ̀ lé irin lórí. Ẹ má lọ fi wé ọ̀nà Kútọnu sí Parakú, ọ̀nà mìíì nìyẹn, a ò débẹ̀ rárá.

Ìdí tí mo fi mú ibẹ̀ ni pé ó rọ tọmọdé tàgbà lọ́rùn. Rélùwéè ò lè gun òkè gangan bíi ti zémíjàn, ọ̀kadà akérò, torí ẹ̀ làwọn tó la ọ̀nà náà láyé Faransé ṣe gé ibi tó ga, tí wọ́n sì rọ yẹ̀pẹ̀ síbi tó lọ sílẹ̀, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ, débi pé ìyá àgbà kan tí orúnkún ń dùn bá wa rin kìlómítà mẹ́ta láìjókòó, orin ló tún ń dá. Àwọn CE1, kíláàsì kẹta, gbé rúlà onígi gígùn tí olùkọ́ fi ń yàlà sójú pátákó, wọ́n fi dábùú àárín irin méjèèjì, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú, mítà kan géérégé! Ariwo sọ. Mi ò tíì rí ẹ̀kọ́ mítà tó dùn tó yẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni, kí n má parọ́.

Ọmọ tó farapa ńkọ́? Bóòtù tó ti dógùn-ún ló gún un lẹ́sẹ̀. Ó dùn mí, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, mo sanwó, mi ò béèrè owó náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n sílípáàsì ló wọ̀ wá! A kọ ọ́ sínú ìwé, mo tún fi vọ́kálì, ohùn tá a gbà sílẹ̀, ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, pé bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni. 500 sefa owó ìrìn náà tẹ́ ẹ ní mo jẹ, omi, búrẹ́dì àti ọsàn la fi rà, rìsíìtì wà nílẹ̀. Ìrìn ẹbí la sì pè é, bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn la pè, ẹbí mọ́kànlá péré ló jáde. Àwọn tó ń pariwo jù, mi ò rí ìkankan wọn níbẹ̀.

Torí náà a tún máa rìn ní tàámù kẹta. Ọmọ tí ò bá wọ bàtà tó dáa, tí ò sì sí àgbàlagbà ilé ẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, iléèwé ló máa jókòó sí. Mi ò ní yí i padà.

Ire o,
Dìrẹ́tọ̀ yín

Sílípáàsì ọmọ náà, ẹsẹ̀ kan, ṣì wà lọ́fíìsì mi, ẹ wá mú un.