Àdùnní, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ

Ìjẹ̀bú-Òde,
Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Àdùnní mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Àárò rẹ sọ mí gan-an lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Bí ẹgbẹ́ wa ṣe ń jó wọ pápá, ọwọ́ òsì mi ṣófo. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́, wọ́n sì ti kan òrùlé ilé ìdáná yẹn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ló jẹ́ kí n gbé bírò. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ. Mo pa á mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ṣeé ṣe mọ́. Aṣọ ẹgbẹ́ ló gbà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Balógun, l'Ékòó, fún ogójì èèyàn, ló bá pín in fún wọn láwìn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ti kọjá, wọ́n ti wọ aṣọ, wọ́n ti ya fọ́tò, àwọn mẹ́rìnlá ò tíì san kọ́bọ̀. Ará Èkó ń pè é láràárọ̀.

Mo jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó mú ìwé gbèsè wá. Kò sí. Orí ló fi ń ka orúkọ! A jọ ṣírò rẹ̀: 20,000 náírà ló ra ẹyọ kan, 23,000 ló tà á. Àdùnní, ẹnì kan ṣoṣo tí kò bá san, èrè èèyàn méje ló máa fi dí i. Mẹ́rìnlá wá ńkọ́? A ò tíì yọ owó ọkọ̀ o. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí tèmi náà bọ́.

Kì í ṣe ọ̀lẹ, ìwọ náà mọ̀. Ó ti ṣe mí rí ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ gààrí, owó ẹ̀gẹ́, owó ọbẹ̀, owó iléèwé, àpò kan náà ni. Gààrí tiwa sì gbọ́dọ̀ kan dáadáa kí n tó yan án, owó mi á há síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ dé, kò sí owó tí màá fi gbà á, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ti wú kì í pẹ́ bàjẹ́. Látìgbà náà, mo ń san owó fún ara mi ní gbogbo Sátidé. Tó bá tán, ó tán. Owó ẹ̀gẹ́ wà ní àkáǹtì tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àwìn á kọ́kọ́ san ìdajì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pàápàá. Wọ́n bínú nígbà yẹn. Gààrí mi náà ni wọ́n ṣì ń rà.

Ó máa bẹ̀ ọ́ pé kí o fi owó ọjà tuntun ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, má fi ránṣẹ́ sí i. Gbèsè tó kù nílẹ̀ jẹ́ 280,000. Mo ti bá oníṣòwò náà sọ̀rọ̀: tó bá rí 80,000 gbà báyìí, á gba 50,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́rin. Òun gan-an ni kí o san 80,000 náà fún. Èmi àti àbúrò rẹ la ó jọ máa lọ sílé àwọn onígbèsè, a ti ra ìwé.

Pè é lọ́jọ́ Àìkú. Má pariwo mọ́ ọn. Ṣáà máa bi í léèrè ọjà, kó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Mòrẹ́nikẹ́