Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Aládìrẹ Lórí Omi àti Gọ́tà

Sí Alága àti àwọn Káńsẹ́lọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Ọmọ ẹgbẹ́ aládìrẹ ni àwa tí a kọ ìwé yìí. Ìyá arúgbó wà nínú wa, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ náà sì wà. A fi ìtẹríba bẹ̀ yín fún omi tó mọ́, àti fún ojú ọ̀nà tí omi aró wa yóò máa gbà jáde.

Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ kó láti Ìbàdàn wá sí ibùdó rẹ̀ níhìn-ín ní 1967, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ilé gbé, ìlú sì fẹ̀ kọjá àwọn àdúgbò àtayébáyé bí Ìrémọ àti Ìlàré, lọ síbi tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá tó kọ́ wa níṣẹ́ tẹ̀lé oníbàárà wọn wá síbẹ̀. Ilé ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ àti gọ́tà kò bá a rìn.

Ìbáà ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi láfún ya ọnà sí lára, ìbáà ṣe oníko tí a fi ìko dì, aṣọ kì í wọ inú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: a ó rì í, a ó nà án sí atẹ́gùn kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ, a ó tún dá a padà sínú ìkòkò, lẹ́yìn náà ni a ó fi omi púpọ̀ ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara. Bí omi bá ní ẹrẹ̀, àbàwọ́n dé nìyẹn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sì ti bàjẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kànga wa a máa gbẹ, owó omi tí à ń rà á sì jẹ èrè wa tán.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà ló dùn wá jù, a kò sì ní fi í pamọ́. Omi aró tí à ń dà nù, tí sódà wà nínú rẹ̀, ń ṣàn gba iwájú ilé àwọn aládùúgbò, ó sì ń sún mọ́ kànga tí ọmọ wọn ń mu. Wọ́n ti bá wa wí. Ẹjọ́ wọn tọ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbẹ́ bọ́hóòlù kan pẹ̀lú táńkì, kí ẹ sì ṣe gọ́tà onísìmẹ́ńtì tí yóò gbé omi aró lọ sínú kòtò tí a bò, jìnnà sí kànga ẹnikẹ́ni. Ẹ rán wolé-wolé wá wo ibẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa, a ó máa dá owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó àtúnṣe, gbogbo ará àdúgbò yóò sì máa pọn omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.