Má tì í da òróró yẹn nù

Àyìnkẹ́ mi,

Mo rí ohun tí o kọ pé o ti kó gbogbo òróró tí wọ́n fi irúgbìn ṣe kúrò ní ilé ìdáná, pé bọ́tà nìkan lo ó máa fi dáná báyìí, torí ẹnìkan sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òróró ló ń mú kí inú ara máa wú. Fara balẹ̀ ná.

Bí ọ̀bẹ bá gé ọ lọ́wọ́, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú. Ara ló ń tún ara rẹ̀ ṣe yẹn, tó bá sì parí iṣẹ́, wíwú náà á lọ. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí kì í lọ, tó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ibì kankan ń dunni. Ó lọ́wọ́ nínú àrùn ọkàn. Oúnjẹ ń dá kún un, sìgá àti ìsanrajù náà ń dá kún un.

Ibi tí ẹni yẹn ti ṣì ọ́ lọ́nà nìyí. Ọ̀rá omega-6 kan tó ń jẹ́ linoleic acid pọ̀ nínú òróró sóyà àti ti sunflower. Lóòótọ́, ara lè sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di arachidonic acid, kó sì fi ìyẹn ṣe àwọn èròjà tó ń fa wíwú; ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni asipirín máa ń dí. Ibẹ̀ ni àwọn adẹ́rùbani ń bá ọ̀rọ̀ dé, wọn kì í ka ìyókù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi kún linoleic acid tí àwọn ènìyàn ń jẹ, tí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àmì wíwú kò lọ sókè. Ẹni tó bá sì fi irú òróró bẹ́ẹ̀ rọ́pò bọ́tà, LDL rẹ̀, cholesterol tó ń dí iṣan, á wálẹ̀. Ìwọ wá ṣe òdìkejì!

Bó bá jẹ́ pé ìjà lo fẹ́ jà, trans fat ni kí o dojú kọ. Wọ́n á fi háídírójìn sínú òróró kó lè dì, kó sì pẹ́ lórí igbá. Ó ń gbé LDL sókè, ó ń fa HDL, ìyẹn cholesterol tó dára, wálẹ̀, ó sì ń fi kún wíwú. Láti ọdún 2003 ni Denmark ti ní kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo ayé lé e jáde. Tí o bá ra bisikíìtì tàbí kéèkì inú páálí, yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: bí o bá rí “partially hydrogenated”, ìyẹn òróró tí wọ́n fi háídírójìn sí, dá a padà, ì báà jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ síwájú páálí pé trans fat inú rẹ̀ jẹ́ òdo.

Ẹja ọlọ́ràá ńkọ́, bíi sàdíìnì àti salmon? Jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. EPA àti DHA inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá omega-3 tí ara fi ń ṣe àwọn èròjà tó ń sọ fún wíwú pé ó tó. Omega-3 wà nínú irúgbìn flax náà, àmọ́ díẹ̀ bíńtín ni ara ń rí yí padà sí EPA. Òróró ólífì tí wọn ò fọ̀ (extra virgin) dára púpọ̀. Tó bá ta ọ́ lọ́fun, èròjà inú rẹ̀ tó ń jẹ́ oleocanthal ni. Ó ń ṣiṣẹ́ bíi oògùn ìrora ibuprofen, ṣùgbọ́n má retí kí ṣíbí kan wo orí fífọ́.

Má sì yọ bọ́tà kúrò kí o wá fi búrẹ́dì funfun àti ṣúgà dí àyè rẹ̀. Ọkàn kò jèrè kankan níbẹ̀. Ní ti oògùn òróró ẹja tí o béèrè, má lò ó láìbá dókítà sọ̀rọ̀, torí tó bá pọ̀ jù, ó lè da lílù ọkàn rú.

Lọ yẹ LDL rẹ wò kí oṣù yìí tó parí, kí o fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá rẹ