Ẹ̀rọ Tí Yóò Dáhùn Ní Yorùbá Lórí Fóònù: Ẹ Má Di Gbogbo Ẹrù Lé Orí Kan

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń dá èèyàn lóhùn lórí fóònù ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn Yorùbá tó fi Àbújá ṣe ilé.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò ìyá mi, tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Kubwa, fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a kó ọjà ní Ṣakí. Báńkì yọ owó, owó kò débẹ̀. Kí n tó dé ìsọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti pe nọ́ńbà báńkì náà fúnra rẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó tẹ oókan fún eléyìí, kí ó tẹ eéjì fún ìyẹn. Màmá gbé fóònù sétí, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, owó mi ni mò ń wá.” Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkè. Màmá tún kí i. Ìgbà tí mo fi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì ti tán.

Ohun tó dùn mí ni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1997, àwọn onímọ̀ yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ JUPITER, tí èèyàn lè pè lórí fóònù láti béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ètò kan tó ń jẹ́ GALAXY ló gbé e dúró, èyí tó pín iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí SRI ní California ṣe irú ètò tó ń pín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Adam Cheyer tó wà lára àwọn tó ṣe é wà lára àwọn tó dá Siri sílẹ̀ lẹ́yìn náà, olùrànlọ́wọ́ orí fóònù tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀, èyí tí Apple rà ní 2010. Ní 2005 ni ẹ̀rọ tí yunifásítì Carnegie Mellon ṣe sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ará ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà lóhùn nípa ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé fóònù bá ti lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ẹnì kan pè, ó ní, “Ọkọ̀ tó ń lọ Kàdúná lọ́la, ìgbà wo ló ń kúrò ní Kubwa?” Aṣojú kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní éjẹ́ǹtì, yóò sọ ohùn náà di ọ̀rọ̀. Òmíràn yóò yọ ìtumọ̀ rẹ̀: ibi tó ti ń gbéra, ibi tó ń lọ, ọjọ́ tó fẹ́ lọ. Òmíràn yóò lọ wo àkọsílẹ̀ àkókò ọkọ̀, tí òmíràn yóò fi sọ èsì náà jáde. Láàárín wọn ni èyí tó ń darí ìjíròrò wà, tó ń rántí ohun tí wọ́n ti sọ. Tí ẹni náà bá wá béèrè pé, “Ti ọ̀sán ńkọ́?” òun ni yóò mọ̀ pé ọkọ̀ Kàdúná ti ọ̀la náà ni wọ́n ṣì ń sọ.

Àǹfààní tí èyí ní fún àwa tí a wà lókè Ọya pọ̀. Níbi tí Gbagyi, Haúsá, Nupe, Ebira àti Yorùbá ti ń ná ọjà kan náà, tí a bá ya aṣojú tó ń gbọ́ èdè sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń wá ìsọfúnni, a lè mú olùgbọ́ èdè tuntun wọlé láì tú gbogbo ilé náà palẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbí mọ̀ pé a kì í fi èdè kan ṣoṣo sọ̀rọ̀: “Nawa ni wọ́n ń wọkọ̀ lọ Kàdúná gobe?” kì í ṣe ohun tuntun létí ẹnikẹ́ni ní Kubwa (“nawa” ni “èló” lédè Haúsá, “gobe” sì ni “ọ̀la”). Olùgbọ́ Haúsá àti olùgbọ́ Yorùbá lè jọ gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kan náà, kí aṣojú kẹta sì mú èyí tó dájú jù nínú ohun tí wọ́n gbọ́.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ń bà mí lẹ́rù. Bí aṣojú àkọ́kọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, gbogbo àwọn tó kù yóò fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ lórí àṣìgbọ́. Lédè tiwa, igba kì í ṣe ìgbà, igbá kì í ṣe ìgbá, ogun kì í sì í ṣe ogún. Nítorí náà, olùgbọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ bí ẹni tó dá a lójú, kí ó kó gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ránṣẹ́, kí ó sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe dá a lójú tó, kí olùdarí ìjíròrò sì béèrè padà pé, “Ṣé igba náírà lẹ wí?” kí ó tó fọwọ́ kan àpò ẹnikẹ́ni. Aṣojú tó ń sọ èsì jáde náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́. Bí àkọsílẹ̀ bá kà pé 9:45, “aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún” ni kí ó wí. Níwọ̀n bí kò sì ti rí ojú ẹni tó pè, “ẹ” ni kí ó máa fi bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Mínísítà Bọ̀sún Tìjání kéde pé ìjọba fẹ́ ṣe ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó gbọ́ àwọn èdè Nàìjíríà, Àbújá níbí náà sì ni ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ti wà láti 2020. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n bá ṣe lọ sí ọjà kí wọ́n tó gbé e fún báńkì, kí àwọn ìyá tó ń ta èlùbọ́ bá a sọ̀rọ̀ láàárín ariwo ọjà. Mo bẹ ẹ̀yin Olóòtú náà: púpọ̀ nínú Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì ohùn, kọ̀ǹpútà tó bá sì fi irú rẹ̀ kọ́ èdè kò ní mọ igba yàtọ̀ sí igbá. Ẹ má jẹ́ kí ojú ewé yín kankan jáde láìní àmì, kí ẹ sì gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí láàyè láti lo àwọn ìwé ìròyìn yín àtijọ́.

Ó ku aṣojú kan tí n kò ní fẹ́ kí wọ́n gbàgbé, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára ẹ̀rọ, kí ó fa ẹni tó pè lé èèyàn gidi lọ́wọ́, kí ó sì ro gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún ẹni náà, kí Màmá má baà tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Kubwa, Àbújá